Láti St Andrews dé Dornoch: bí ẹ ó ṣe gbá àwọn pápá gọ́ọ̀fù tó dára jù ní Skọ́tílándì

Pápá gọ́ọ̀fù tó lókìkí jù lọ láyé kì í ṣe ti kílọ́ọ̀bù kankan. Ará ìlú ló ni Old Course tó wà ní St Andrews; láti ọdún 1974 ni àjọ St Andrews Links Trust ti ń bá wọn mójú tó o. Lọ́jọ́ Sunday, àfi tí ìdíje ńlá bá wà, ẹnikẹ́ni kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ á ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, olájá á fa ajá rẹ̀ jáde, wọn á máa nasẹ̀ lórí koríko tí Tiger Woods ti gba ife-ẹ̀yẹ Open, ìdíje gọ́ọ̀fù tó lọ́jọ́ lórí jù láyé, lọ́dún 2000 àti 2005.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù nílé mọ bí ìlẹ̀kùn kílọ́ọ̀bù ṣe ń ṣòro ṣí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ti gbà lọ́kàn pé irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lẹ́nìyàn lókè ló ń débẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ń bẹ nínú ẹ̀, n ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtiwọlé wà ní gbangba. Ohun tó ń fi àlejò ṣẹ̀sín ni ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù òkè lọ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá ní Skọ́tílándì, torí náà kí ẹ tó ronú físà, ẹ ronú bí bọ́ọ̀lù yín ṣe máa yí nílẹ̀.

Irú ilẹ̀ tí ẹ ń lọ bá

Gbogbo pápá tí mo máa dárúkọ, irú tí wọ́n ń pè ní links ni: ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín òkun àti oko. Kò ṣe é dáko, àgùntàn ló ń jẹko níbẹ̀ láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti pẹ́ gan-an. Lọ́dún 1457, nígbà ọba James Kejì, ìgbìmọ̀ aṣòfin fòfin de gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ torí pé àwọn ọkùnrin ti pa ọfà títa tì. Ẹ ti mọ bí òfin ọ̀hún ṣe parí.

Iyanrìn kì í dá omi dúró. Koríko ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gé e mọ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ le. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ níwájú gríìnì, ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, lè ta, kó tún yí lọ ní 20 sí 30 yáàdì. Igi ò sí tó máa gba afẹ́fẹ́ dúró. Àwa tá a ti gbá lásìkò ọyẹ́, nígbà tí fairway, ọ̀nà koríko tó lọ sí gríìnì, gbẹ pátápátá, pàápàá lórí àwọn pápá tó ní brown oníyanrìn dípò gríìnì, a mọ ìwà yẹn dáadáa. Ẹni tó kọ́ gọ́ọ̀fù lórí koríko rírọ̀ tí wọ́n ń bomi rin láràárọ̀ ni ìyà máa ń jẹ jù, torí ó ti mọ́ ọn lára kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ kó sì dúró.

Ohun mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe kí ẹ tó wọ bàálù

Ẹ fún ara yín ní oṣù méjì, ó kéré tán. Kì í ṣe láti gbá a jìnnà o.

Àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀lù ilẹ̀. Ẹ mú 7-iron tàbí 8-iron, ọ̀pá olórí irin. Ẹ sún mọ́ bọ́ọ̀lù díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó wà ní ọ̀gangan ẹsẹ̀ ọ̀tún yín (ẹni tó ń gbá lósì á yí i padà). Kí ọwọ́ yín méjèèjì ṣíwájú bọ́ọ̀lù, kí ara tẹ̀ sórí ẹsẹ̀ òsì, kó sì wà níbẹ̀ títí tí ẹ ó fi gbá a tán. Ẹ fa ọ̀pá sẹ́yìn dé ìbàdí, ẹ gbá a, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró níwájú kó má ga ju ìbàdí lọ. Ọrùn ọwọ́ ò gbọdọ̀ ká. Tí bọ́ọ̀lù bá ga ju orí yín lọ, ẹ ti fi agbára kún un jù. Ẹ gbá a láti 30 yáàdì, 50, 80, kí ẹ máa ṣọ́ ibi tó ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin lè yàn. Ibi tó máa dúró sí, ọwọ́ ilẹ̀ ló wà.

Èkejì ni putter, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù kó yí nílẹ̀, láti ìta gríìnì. Nílé, tí bọ́ọ̀lù bá wà ní 15 yáàdì sí gríìnì, kádì, ẹni tó ń gbé àpò ọ̀pá yín, á ti na wedge, ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, sí yín kí ẹ tó béèrè. Ní Skọ́tílándì, putter ni. Koríko tó yí gríìnì ká kúrú débi pé ẹ lè ti bọ́ọ̀lù láti 20 tàbí 30 yáàdì gba orí òkè kékeré kọjá, kó sì dúró nítòsí ihò. Abẹ wedge á fò lórí irú ilẹ̀ líle bẹ́ẹ̀, á gé bọ́ọ̀lù láàárín, bọ́ọ̀lù á sì kọjá gríìnì lọ sí òdìkejì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè kọ́ ọ ni kí ẹ jìnnà sí gríìnì ìgbáradì, kí ẹ máa tì í láti ibẹ̀ títí ọwọ́ á fi mọ ìwọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni bọ́ńkà, kòtò iyanrìn, ìrẹ̀lẹ̀ ló sì gbà. Bọ́ńkà ibẹ̀ jinlẹ̀. Wọ́n to koríko léra wọn bíi bíríkì ní ògiri rẹ̀, òmíràn ga ju ènìyàn lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ inú ẹ̀ ni pé: ṣé bọ́ọ̀lù lè kọjá ògiri iwájú yìí? Tí ọkàn yín bá ń ṣiyèméjì, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i, tàbí kí ẹ kọjú sí ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ gbé e jáde síbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn náà dánra wò, torí pé yíyọ bọ́ọ̀lù sẹ́yìn máa ń dùn ènìyàn débi pé kò ní í ṣe é lọ́jọ́ tó yẹ tí kò bá tíì mọ́ ọn lára. Lọ́dún 1995, Jack Nicklaus, ọ̀kan lára àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá jù láyé, wọ Hell Bunker ní ihò 14 ti Old Course. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbá a kó tó jáde, 10 ló sì kọ sílẹ̀ fún ihò yẹn. Nicklaus ni mo wí o.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ńkọ́? Tó bá ń kọjú sí yín, ẹ mú ọ̀pá tó gùn ju èyí tí ẹ máa mú lọ, bí ìpele kan tàbí méjì, kí ẹ sì rọra gbá a. Ẹni tó bá fi ìbínú gbá a sínú afẹ́fẹ́ ń fún bọ́ọ̀lù ní agbára láti gòkè ni, bó bá sì ti gòkè, ó di ti afẹ́fẹ́.

Ìgbà tó yẹ, ìwé àti ẹrù

Láti ìparí oṣù Kẹrin dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni ó dára jù. Nínú oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú ní St Andrews títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ lè jẹun ọ̀sán tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ihò 18. Ìgbà òtútù rọ̀jú ní owó, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́ta ààbọ̀, àti pé láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta, orí ẹní kékeré ni wọ́n ní kí ẹ máa gbé bọ́ọ̀lù lé lórí fairway Old Course kí koríko lè sinmi. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ènìyàn ti Nàìjíríà wá gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹní.

Ẹni tó ń bọ̀ láti ilé nílò físà àlejò ti UK, èyí tó kárí Skọ́tílándì náà. Ẹ gba ìwé-ẹ̀rí handicap (nọ́ńbà tó ń fi bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó hàn; bó bá ṣe kéré tó ni ẹ dára tó) lọ́wọ́ akọ̀wé kílọ́ọ̀bù yín, kí ó ní déètì tuntun. Ẹni tí handicap rẹ̀ ju 36 lọ, Old Course ò ní gbà á, àwọn kílọ́ọ̀bù mìíràn sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú àpò: aṣọ òjò tòkètilẹ̀ tí omi ò lè wọ̀, kì í ṣe nylon olówó pọ́ọ́kú, ìbọ̀wọ́ òjò, torí ó máa ń di mọ́ ọ̀pá tó bá tutù, fìlà onírun, súwẹ́tà méjì tín-ín-rín dípò ẹyọ kan tó nípọn. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn wa. Ẹ dín ọ̀pá kù pẹ̀lú, torí ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi rìn. Lórí Old Course, kò sí ọkọ̀ kékeré elẹ́ńjìnnì àfi fún ẹni tí àìsàn tàbí àbùkù ara dá dúró, tó sì mú ìwé dókítà dání.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti yí gbogbo Skọ́tílándì po lọ́sẹ̀ kan. Ẹ mú agbègbè kan tàbí méjì. Ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lè wọ ọkọ̀ ojú irin Aberdeen ní King's Cross, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Leuchars, kó wá wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí dé St Andrews, torí rélùwéè ò dé inú ìlú yẹn. Carnoustie, North Berwick, Troon àti Prestwick ní ibùdókọ̀ rélùwéè tiwọn. Ti Prestwick fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àkọ́kọ́.

Bí ẹ ó ṣe rí àyè lórí Old Course

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ará ọ̀nà jíjìn ni ṣíṣẹ́ kèké, èyí tí wọ́n ń pè ní ballot. Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ kó ara yín jọ, ẹni méjì ó kéré tán, mẹ́rin ó pọ̀ tán. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbá, kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ẹ fi orúkọ àti handicap gbogbo yín sílẹ̀ lórí ìkànnì St Andrews Links. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni èsì máa jáde. Ẹni tó fẹ́ gbá ní Monday gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ ní Saturday. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pàdánù. Tí kò bá bọ́ sí i fún yín lónìí, ẹ tún un ṣe lọ́la. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sun ìlú náà ní òru mẹ́rin tàbí márùn-ún, kì í ṣe òru kan.

Ẹni tó bá dá nìkan wá kò lè bá wọn ṣẹ́ kèké yìí. Tirẹ̀ ni pé kó wà nínú ìlú, kó lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọn á sì fa orúkọ nírọ̀lẹ́ fún àwọn àyè tó ṣẹ́ kù láàárín àwọn tí kò pé mẹ́rin. Ó máa ń bọ́ sí i fún ọ̀pọ̀.

Owó rẹ̀ ju £300 lọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan ń tà á pọ̀ mọ́ òtẹ́ẹ̀lì ní ìlọ́po owó yẹn. Ẹni tó ní àsìkò díẹ̀ tó sì lówó lè gba ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ní sùúrù, kèké ni kó ṣẹ́, kó sì fi New Course, tí Old Tom Morris ṣe lọ́dún 1895, pamọ́ fún ọjọ́ tí kèké ò bá mú un. Lẹ́nu tèmi, New Course dára ju ọ̀pọ̀ pápá tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ kiri lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ń retí èsì, ẹ lọ sí Himalayas, gríìnì ńlá olókè-gẹgẹrẹ ti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1867. Putter nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni, ọmọdé àti ìyàwó tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí náà lè bá yín ṣe é. Kò sí ibòmíràn tí ọwọ́ yín ti lè mọ ìwọ̀n gríìnì ìlú yẹn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kádì

Ẹ gba kádì lórí Old Course, kódà tí ẹ kì í gbà á níbòmíràn. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbà, ó ju £50 lọ fún ẹnì kan, ọwọ́ ìmoore yín wà lọ́tọ̀. Kádì wa nílé á máa pariwo "Ọ̀gá, fine shot!" kódà tí bọ́ọ̀lù bá ti wọgbó. Ti Skọ́tílándì á dákẹ́, á tọ́ka sí ilé kan lókèèrè, á ní, "Ilé tó ní fèrèsé funfun yẹn, apá òsì rẹ̀." Ẹ gbá a síbẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Ohun tó ń rí, ẹ̀yin ò rí i.

Old Course: kí ẹ fi sí apá òsì

Old Course lọ ní ìlà gígùn kan, ó sì padà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Torí náà ihò mẹ́rìnlá nínú 18 ló ń pín gríìnì méjìméjì lò. 1, 9, 17 àti 18 nìkan ló dá ní tiwọn. Ẹ ro nọ́ńbà ihò méjì tó pín gríìnì pọ̀, 18 ni: 2 àti 16, 5 àti 13, 8 àti 10. Àsíá funfun ni ti àlọ, pupa ni ti àbọ̀, àfi 18 tó tún jẹ́ funfun. Ẹ wo àwọ̀ àsíá dáadáa kí ẹ tó gbá, torí pé ẹ lè gúnlẹ̀ sórí gríìnì tó tọ̀nà kí ihò yín ṣì wà ní 60 yáàdì.

Nítorí ìlà yìí, ewu wà lápá ọ̀tún ní àlọ àti ní àbọ̀: igbó ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, tàbí ògiri ààlà. Apá òsì ni àárín pápá. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, apá òsì. Kò ní fún yín ní ọ̀nà tó dára jù sí ihò, ẹ ó ti putter gígùn, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì ní bọ́ọ̀lù. Àmọ́ bọ́ńkà 112 ló wà káàkiri, púpọ̀ nínú wọn ò hàn láti ibi tí ẹ dúró sí. Ní ihò 12, ojú á sọ fún yín pé kò sí ohunkóhun níwájú. Bọ́ńkà kún àárín ọ̀nà. Látijọ́, wọ́n máa ń gbá pápá náà láti òdìkejì, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀hún ló ń rí wọn.

Ihò àkọ́kọ́ kò ní bọ́ńkà kankan, fairway rẹ̀ àti ti 18 jẹ́ ọ̀kan, ó fẹ̀ ju 100 yáàdì lọ. Ohun tó ń dẹ́rù bani ni àwọn ènìyàn tó dúró ń wò. Ẹ fi driver, ọ̀pá tó gùn jù, sílẹ̀. Ẹ mú ohun tí ọwọ́ yín gbọ́ràn sí jù, ẹ gbá a sí òsì, kí ẹ wá mú ọ̀pá kan kún èyí tí ẹ rò fún ìkejì, torí odò kékeré Swilcan Burn sùn sí iwájú gríìnì gan-an.

Ihò 11, par 3 (ìgbá mẹ́ta ló yẹ kó gbà), ló mú Bobby Jones, agbá gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, kó bọ́ọ̀lù sápò, kó sì jáwọ́, lọ́dún 1921. Bọ́ńkà Hill wà lósì, Strath wà lọ́tùn-ún, gríìnì sì ṣẹ́ wá síwájú. Ẹ fi bọ́ọ̀lù síwájú gríìnì lábẹ́, kí ẹ wá tì í gòkè. Ẹni tó bá kọjá gríìnì yẹn ti wà nínú wàhálà. Jones padà wá gba Open lórí pápá kan náà lọ́dún 1927, ẹ má bá a kẹ́dùn.

Ihò 14: láti tee, ibi tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ni ògiri ti wà lọ́tùn-ún, Hell Bunker wà níwájú. Ẹ gbá ìkejì yín sí òsì pátápátá, sórí fairway ihò 5. Ó máa ń dà bí ẹni pé ẹ ń sá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ń sá.

Ihò 17, Road Hole, ni ẹ wá rí. Par 4 ni wọ́n kọ síbẹ̀, 495 yáàdì láti ẹ̀yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí 5 nínú ọkàn yín kí ẹ tó gbá. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ń gba orí ilé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kọjá. Kádì á sọ lẹ́tà tí ẹ máa wò lára ògiri ilé náà fún yín. Ẹni tí kò gbá a jìnnà, kó wo òsì ilé náà. Bọ́ọ̀lù kejì, ẹ má wo ihò rárá. Bọ́ńkà Road wà níwájú rẹ̀ lósì, kòtò kékeré tó máa ń fa bọ́ọ̀lù mọ́ra. Tommy Nakajima, ará Japan, fi putter ti bọ́ọ̀lù wọ inú ẹ̀ nínú Open ọdún 1978, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn gríìnì ni títì wà, ẹ̀yìn títì ni ògiri, ẹ kò sì lè gbé bọ́ọ̀lù kúrò lórí títì lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe wà ni ẹ máa gbá a. Torí náà ẹ fi ìkejì yín sí iwájú gríìnì lápá ọ̀tún, ní nǹkan bí 20 yáàdì, kí ẹ wá fi putter tì í gòkè. 5 níbẹ̀, ẹ gbọ́wọ́.

Ihò 18, kòtò tí wọ́n ń pè ní Valley of Sin wà níwájú gríìnì. Costantino Rocca fi putter ti bọ́ọ̀lù gba inú ẹ̀ kọjá wọ ihò nínú Open ọdún 1995, ìyẹn ló jẹ́ kó bá John Daly dọ́gba, kí Daly tó wá gba ife náà. Ẹ̀yin náà, putter ni.

Carnoustie

Pápá ìlú ni èyí náà, ní ìhà àríwá St Andrews, ó sì le jù ú lọ. Kò sí ẹwà tó ń dá a láre. Ilẹ̀ tẹ́jú, bọ́ńkà jìn, odò Barry Burn sì ń lọ́ kiri láàárín ihò 17 àti 18. Níbẹ̀ ni Jean Van de Velde, ọmọ Faransé, ti dé ihò 18 lọ́dún 1999, tí 6 tó fún un láti gba Open. Ó mú driver. Bọ́ọ̀lù kejì kọlu àga àwọn òǹwòran, ó ta padà sínú koríko gíga, ẹ̀kẹta wọ odò, òun náà bọ́ bàtà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. 7 ló gbá. Paul Lawrie, ọmọ Skọ́tílándì, ló gbé ife lọ.

Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ihò àkọ́kọ́: níbi gbogbo tí odò bá ti gba iwájú yín kọjá, ẹ dá bọ́ọ̀lù dúró kí ó tó débẹ̀. Ihò 6 ni Ben Hogan, ìlúmọ̀ọ́ká agbá gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, gbá gba ọ̀nà tóóró láàárín bọ́ńkà àti ọgbà ààlà lósì lọ́dún 1953, nígbà kan ṣoṣo tó wá sí Open tó sì gbà á. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ti Hogan. Ẹ gba ọ̀tún.

North Berwick àti Muirfield

Tí wọ́n bá ní kí n mú pápá kan fún ọ̀rẹ́ tó fẹ́ gbádùn ara rẹ̀, North Berwick ni màá mú. Ọkọ̀ ojú irin láti Edinburgh kò gbà tó wákàtí kan. Ògiri òkúta àtijọ́ gba àárín pápá kọjá, wọn ò wó o. Ní ihò 13, ẹ̀yìn ògiri gan-an ni gríìnì wà: ẹ gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù fò ó. Ó jẹ́ ọ̀kan lára ìgbà díẹ̀ tí wedge ṣe pàtàkì. Tí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ ògiri jù, ẹ gbá a sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ rí àyè.

Ihò 15, Redan, ni àwọn tó ń ṣe pápá ti dà kọ káàkiri àgbáyé. Par 3 ni. Gríìnì rẹ̀ tẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, ó sì ń sá lọ sẹ́yìn, bọ́ńkà jíjìn sì wà níwájú lósì. Ẹni tó bá wo àsíá ti pàdánù. Ẹ gbé e sí iwájú lọ́tùn-ún, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbé e lọ fún yín. Ní ihò 18, mọ́tò àwọn ènìyàn wà ní páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Ẹ gbá a sí òsì, ẹ jọ̀ọ́.

Muirfield ò jìnnà síbẹ̀. Ti kílọ́ọ̀bù ni, ẹgbẹ́ tó kọ òfin gọ́ọ̀fù 13 sílẹ̀ lọ́dún 1744 ló ni ín, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó gba obìnrin wọlé. Ọdún 2017 ni wọ́n tó dìbò gbà á. Ọjọ́ Tuesday àti Thursday ni ti àlejò. Ẹ kọ̀wé ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ mú kóòtù àti táì dání, torí oúnjẹ ọ̀sán ibẹ̀ ò ṣe é fi sílẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ wọ yàrá oúnjẹ láìsí wọn. Ihò 9 àkọ́kọ́ yí po sí apá kan, 9 kejì yí po sí òdìkejì nínú rẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í dúró lójú kan. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo tee.

Ayrshire

Prestwick ni wọ́n ti gbá Open àkọ́kọ́ lọ́dún 1860: ènìyàn 8, ihò 12, Willie Park ló sì gbà á. Ọ̀pọ̀ ihò ibẹ̀ fi ara pa mọ́. Ní ihò 5, òkè iyanrìn dí gríìnì. Ẹ wo àmì aláwọ̀ tó wà lórí òkè, èyí tó bá tee yín mu, ẹ gbá a kọjá orí ẹ̀, kí ẹ sì gbà pé ó débẹ̀. Ní ihò 17, Alps, òkè tún ni, bọ́ńkà ńlá Sahara sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá kúrò lórí gríìnì, ẹ lu agogo kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ̀. Ẹni tó gbàgbé agogo ń ṣeré pẹ̀lú orí ara rẹ̀ ni.

Royal Troon wà nítòsí. Ihò 8 rẹ̀, 123 yáàdì péré, ló ń dá àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ lóró. Gríìnì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bọ́ńkà márùn-ún yí i ká. Gene Sarazen, ẹni ọdún 71, fi ìgbá kan ṣoṣo gbé bọ́ọ̀lù wọ ihò lọ́dún 1973. Àárín gríìnì ni kí ẹ wò, ibi yòówù kí àsíá wà.

Turnberry rẹwà ju méjèèjì lọ, ilé iná ojú òkun wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni Tom Watson àti Nicklaus ti figagbága fún ife Open lọ́dún 1977. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò báyìí, ẹ lè fi gbá Prestwick kí ẹ tún fi èyí tó kù sun òtẹ́ẹ̀lì.

Òkè àríwá: Dornoch àti Brora

Ẹ wọ bàálù tàbí ọkọ̀ ojú irin dé Inverness, kí ẹ yá mọ́tò. Royal Dornoch ni ilé Donald Ross, tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún 1872, tó lọ sí Amẹ́ríkà, tó sì ṣe pápá Pinehurst No. 2 níbẹ̀. Gríìnì ibẹ̀ ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ti bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹ ó rí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀ dáadáa tó tún rọra yí padà wá bá yín. Putter tún ni, tàbí 7-iron tí a ti sọ. Ihò 14, Foxy, kò ní bọ́ńkà kankan, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ẹ fi bọ́ọ̀lù kejì yín sí ìsàlẹ̀ gríìnì, ẹ má gbìyànjú láti gún un. Tí ẹ bá lè débẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, òdòdó ìyeyè ti bo gbogbo etí pápá.

Kí ẹ tó padà, ẹ wakọ̀ síwájú dé Brora, pápá tí James Braid yàwòrán rẹ̀. Màlúù àti àgùntàn ń jẹko lórí fairway níbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì fi wáyà iná yí gríìnì ká kí wọ́n má bàa wọ̀ ọ́. Iná rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ẹ máa gbé ẹsẹ̀ ga. Ẹ ka òfin pápá tó wà lẹ́yìn káàdì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe tí bọ́ọ̀lù bá kọlu wáyà, àti tó bá bọ́ sínú ìgbẹ́ màlúù, wà níbẹ̀. Owó Brora kéré gan-an sí ti Dornoch, ẹ sì lè gbà á tààrà lórí ìkànnì kílọ́ọ̀bù náà.